Ẹ Má Fọ Ariwo Rẹ̀ Dànù

Orlando Owoh méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tó wà nínú àwo, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa: gìtá dá dúró, àkúbà dá dúró, ohùn rẹ̀ tó ki tó sì há díẹ̀ wà láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́. Èkejì ni èyí tó ṣeré lóde, lábẹ́ àtíbàbà, lóru, tí ẹnì kan gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sí tòsí sípíkà, tó tẹ bọ́tìnnì pupa, tó sì padà sídìí ọtí rẹ̀. Ti èkejì yìí ni mo ń wí. Òun ló wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun náà ló sì ti fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn àwo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kásẹ́ẹ̀tì òde ni n ó mú, pẹ̀lú gbogbo ariwo inú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀dà burúkú ara àwo ni kásẹ́ẹ̀tì òde jẹ́, pé ẹni tí kò rí owó ra àwo ló ń gbọ́ ọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìfọ́n ni Orlando, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1932. Owómóyèlá ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó bá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá lu ìlù, ó bá wọn kọrin, kó tó dá ẹgbẹ́ Omimah sílẹ̀ ní 1960. Lẹ́yìn náà ni Young Kenneries dé, tí African Kenneries sì tẹ̀ lé e. Háíláìfù ni wọ́n ń pe orin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí jùjú, gìtá rẹ̀ sì ní agídí tirẹ̀. Nígbà tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn tó dárò rẹ̀ pọ̀ láti Èkó dé Ọ̀wọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lóde nìkan ni yóò sọ pé inú àwo ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ Ìdànrè mọ ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì fi pọ̀ níbẹ̀. Ìlú kókó ni. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí wọ inú ọdún tuntun ni kókó ń wọlé, tí wọ́n ń là á, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àsìkò owó ni, àsìkò owó náà sì ni ìnáwó: òkú àgbà tí wọ́n ti sin tẹ́lẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe ẹ̀yẹ rẹ̀, ilé tuntun, oyè, ìgbéyàwó. Ẹgbẹ́ olórin á ti Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ wá, ẹni tí apá rẹ̀ ká a á lọ bẹ àwọn gbajúmọ̀ olórin l'Ékòó. Owó tó ń ra gìtá fún olórin ló ń ra rédíò fún àgbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo gorí owó kókó, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní sípíkà méjì di ohun tí ọkùnrin ń gbé léjìká lọ sóde kó lè gba eré sílẹ̀.

Ní Aládé, ní Ìdànrè, nílé bàbá kan tí wọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe oko kókó, mo gbọ́ ọ̀kan nínú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Bàbá ki bírò bọ ojú ihò rẹ̀, wọ́n yí i títí téèpù fi fà le, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, wọ́n tì í bọ inú rédíò. “Orlando, òde” nìkan ni ẹnì kan kọ sí ara ìwé rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe orin. Jẹnẹrétọ̀ ni, tó ń kùn lọ́nà jíjìn. Máìkì han gooro, ẹnì kan sáré lọ yí i wálẹ̀. Wọ́n wọ́ àga kọjá. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ rédíò náà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni gìtá wọlé.

“Tẹ́tí sí i dáadáa, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. “Ibi tó máa gbà yí padà nìyí.” Gìtá sì yí padà bí wọ́n ṣe wí. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ sórí, títí kan ẹ̀rín obìnrin yẹn àti ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n gbé bíà wá. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe òde náà. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà láti ara òmíràn ni, òmíràn náà sì lè jẹ́ àdàkọ. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí olórin ń dárúkọ nínú rẹ̀, Bàbá kò rí ọ̀kan nínú wọn rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ oríkì wọn, wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n mọ orúkọ ìyàwó wọn. Ẹnu olórin sọ wọ́n di ojúlùmọ̀ ẹni tó wà ní Aládé. Àwo kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ ki èèyàn, gbajúmọ̀ ni, tàbí ẹni tó sanwó kí wọ́n tó wọ yàrá. Lóde, ẹnikẹ́ni tó bá dìde tó lẹ owó mọ́ iwájú olórin ni olórin ń kì, kódà bó jẹ́ oníṣòwò kékeré tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní àdúgbò kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohùn yẹn ṣe ń dé inú téèpù, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ní máìkì tirẹ̀ nínú, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ohùn ṣe ń wọlé. Bí ohùn bá pọ̀ jù, á fà á sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Bí ohùn bá rẹlẹ̀, á tún gbé e sókè. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lóde àríyá, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Nígbà tí àkúbà àti gángan bá ń dún papọ̀, ẹ̀rọ náà á tẹ gbogbo ohùn mọ́lẹ̀, orin á há mọ́ra. Bí àwọn onílù bá wá dákẹ́ kí olórin lè kí ẹnì kan, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tó bá kù sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn èrò á sì jáde: ìgò ń kan ara wọn, ọmọdé ń sunkún, àwọn obìnrin ń dá ewì olórin lóhùn. Bí ìlù bá tún bẹ́, àwọn èrò á rì. Ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ògbólógbòó oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan jókòó síbẹ̀ tó ń ṣí èrò tó ń ti èrò ní àsìkò tó yẹ. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹni tó ni rédíò ti ń jẹun.

Ohun kejì ni ti ìyára. Bátìrì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló ń gbé irú rédíò bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi tuntun sí i ní gbogbo ìgbà. Bí bátìrì bá ti ń kú lọ nígbà tí eré ń lọ, téèpù á máa rọra wọ́. Ẹni tó bá wá fi iná ilé gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, orin á máa yára sí i bí òru ṣe ń jinlẹ̀, ohùn Orlando tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ń gbé á di ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mọ àwọn orin kan ní ìyára tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń bá a jó.

Kí ló dé tí a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìyẹn? Èdè wa ni. Téèpù tó bá gbó tàbí tí wọ́n bá dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohun tó kọ́kọ́ ń sọnù lára rẹ̀ ni ohùn tínńrín lókè pátápátá, níbi tí ìró ṣ àti s àti f ń gbé. Ariwo téèpù fúnra rẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ tó ń ṣe lábẹ́ orin, ibẹ̀ náà ló jókòó sí. Olórin tó ń kọrin ní èdè tí kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, bí ìró wọ̀nyẹn bá ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n dò, re, mí kì í bá wọn lọ. Àárín ni wọ́n wà, níbi tí téèpù ti lágbára jù. Ìyáàlù tilẹ̀ wá borí gbogbo rẹ̀, nítorí òun kò ní kọ́ńsónáǹtì tẹ́lẹ̀. Ohùn nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí téèpù bá sì sáré, gbogbo ohùn náà ló jọ ń gòkè, àlàfo tó wà láàárín dò àti mí kò yí padà, ìlù ṣì ń sọ ohun tó sọ. Mo ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí n kò lè mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu akọrin, tí mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí onígángan wí.

Bóyá ìdí nìyí tí ariwo kò fi lé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Christopher Waterman, ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn olórin jùjú rìn ní Ìbàdàn láàárín 1979 sí 1982, kọ ìwé kan tó jáde ní 1990 lórí jùjú. Ó ṣàkíyèsí pé bí áńpù tó ti gbó ṣe ń mú ohùn olórin àti gángan kùn, tó ń mú un gbọ̀n, bá ohun tí etí Yorùbá ti fẹ́ràn tipẹ́ mu. Òótọ́ ni. Ta ló so ṣaworo mọ́ etí ìyáàlù? Ta ló fi àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ bo akèrègbè? Ohùn tó dá mọ́ láìní nǹkan tó ń ṣẹ́kẹ́ lára rẹ̀, lójú àwọn tó dá ìlù wa sílẹ̀, kò tíì pé.

Ọ̀rọ̀ gígùn eré tún wà ńbẹ̀. Àwo kékeré tí I.K. Dáíró fi gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan rẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá dé, Ẹbenẹ́sà Obey àti Sunny Adé so orin pọ̀ mọ́ orin títí ojú kan fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n eré òde a máa lọ láti alẹ́ di ìdájí. Kásẹ́ẹ̀tì, tí ilé iṣẹ́ Philips kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963, lè gba ìṣẹ́jú 45 ní ojú kan bó bá jẹ́ oní-90. Òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù tó lè tẹ̀ lé olórin dé ibi tí olórin ti gbàgbé pé òun ń kọrin, tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì òde ni a ti ń gbọ́ gìtá tó ń yí ojú kan náà ká fún ìgbà pípẹ́, tí kò yára lọ síbì kankan, nítorí pé ẹni tó ń jó kò tíì jókòó. Wọn ò jẹ́ gba ìyẹn láyè nínú yàrá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ adùn yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Max's Kansas City ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Brigid Polk gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré sórí tábìlì rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Velvet Underground ń ṣeré. Alẹ́ yẹn ni Lou Reed bá wọn ṣeré kẹ́yìn kó tó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà kò mọ́ rárá, a sì ń gbọ́ akéwì Jim Carroll nínú rẹ̀ tó ń bèèrè ọtí, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ Atlantic tẹ̀ ẹ́ sí àwo ní 1972, àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì sì ń gbọ́ ọ títí di òní pẹ̀lú ọtí tó ń bèèrè. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Grateful Dead ní tiwọn yà àyè sọ́tọ̀ láti 1984 fún àwọn tó bá gbé ẹ̀rọ wá gba eré sílẹ̀. Ti Fẹlá tún wà. Ó ṣeré ní Detroit ní 1986, lọ́dún kan náà tó jáde lẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé téèpù eré náà jáde ní 2012, ohùn rẹ̀ ṣókùnkùn, kò jọ ti àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n “Beasts of No Nation” wà nínú rẹ̀, orin tí kò dé inú àwo títí di 1989. Fẹlá kì í fẹ́ ṣe orin tó bá ti wọ inú àwo lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin rẹ̀ ṣe ń dàgbà kó tó gbó, inú irú téèpù bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ.

Mo mọ̀ pé olórin lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí gbogbo èyí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn kan da eré òde sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á ní gáréèjì àti lọ́jà, olórin kò rí kọ́bọ̀. Olè ni mo ń pe ìyẹn. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ wọn ti wà láti 1988, òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ sì gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó pe olórin wá sìnkú ìyá rẹ̀, tó gba eré náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ ọ, kò jí nǹkan kan. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ti ìdílé, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Orlando ní àwo. Bí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì òde rẹ̀ bá jóná, ìdajì rẹ̀ ṣì kù. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ṣeré fún Ìdànrè, tí wọ́n gbọ́ Orlando àti Sunny Adé, tí wọ́n sì fi ahọ́n ìlú kọ ọ́, púpọ̀ nínú wọn kò wọ yàrá àwo rí. Páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n kù sí. Ooru àti ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè kò sì dára fún téèpù: ìbu á hù sí i, tìmùtìmù kékeré tó ń tì í mọ́ orí ẹ̀rọ á já, rédíò á jẹ ẹ́.

Ewu mìíràn wà tí mo kórìíra ju ìbu lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń da kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn sí fóònù báyìí ní áàpù tó ń fọ ohùn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ á lọ, jẹnẹrétọ̀ á lọ, àwọn èrò á lọ, orin nìkan á kù, tí kò ní dára tó àwo síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀kan tí wọ́n fọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń gbe orin lẹ́yìn olórin ti di òfo, nítorí pé ẹ̀rọ rò pé ariwo ni wọ́n. Ìyá ẹni tó fọ̀ ọ́ wà láàárín àwọn obìnrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ da odindi rẹ̀ pamọ́, ojú méjèèjì, láti ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì títí dé ibi tí téèpù tán lójijì láàárín orin.

Bí ìbu bá wà lára rẹ̀, ẹ má kì í bọ rédíò rárá kí ó má baà ran ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì mìíràn; ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nù. Bí kò bá sí ìbu, ẹ rọra yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó gbọ́ ọ, kó lè tú kúrò lára ara rẹ̀. Bí ilé rẹ̀ bá fọ́, ẹ gbé téèpù náà sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ní skúrù. Ẹ fi wáyà so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe gbé fóònù síwájú sípíkà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fáìlì WAV, bó tilẹ̀ gba àyè, ẹ má sì sọ kásẹ́ẹ̀tì náà nù lẹ́yìn náà. Àkúrẹ́ kò jìnnà: yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA ní àwọn tó mọ ẹ̀rọ, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gba iṣẹ́ yìí kanrí. Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti 2007, àwọn àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Ó yẹ kí àlejò bẹ́ẹ̀ rí ibi tó ti lè jókòó nísàlẹ̀, kó gbọ́ bí ìlú náà ṣe ń náwó.

Èyí tí kò ṣeé sún síwájú ni ti orúkọ. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí etí wọn ṣì dá, ẹ dá a dúró níbi tí olórin bá ti kí ẹnì kan, ẹ bèèrè ẹni tí onítọ̀hún jẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bọ́ sí. Nílé bàbá Aládé yẹn, a gbé kásẹ́ẹ̀tì kejì jáde, ti ẹgbẹ́ jùjú kan tó ṣeré níbi òkú ẹ̀gbọ́n wọn, mo sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ. Wọ́n mọ gbogbo wọn àyàfi obìnrin kan tí gángan kì gùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Àbúrò wọn obìnrin tó wà ní Odòde Ìdànrè ló lè mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún wọn gbọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.